Omi Ò Rí Ọ̀nà Dé Ọ̀dọ̀ Pọ́ǹpù: bí mo ṣe tún ìsàlẹ̀ ọkọ̀ fáíbà mi ṣe

Aago mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni mo dé èbúté Ìpakodò ní Ìkòròdú, ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù Òkúdù. Mo bá ọkọ̀ mi tó fìdí jókòó sínú ọ̀sà bí ẹni tó mutí yó. Orí rẹ̀ gbé sókè, ìdí rẹ̀ rì, ìwọ̀n ìka mẹ́rin péré ló kù kí omi ọ̀sà gba ibi tí a so ẹ́ńjìnnì mọ́ ya wọlé. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù ń léfòó láàárín ìjókòó, sílípáàsì ọmọ iṣẹ́ mi ń tẹ̀ lé e. Òjò ti rọ̀ láti alẹ́ mọ́jú. Pọ́ǹpù tí mo rà lọ́dún tó kọjá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ tó ń kùn bí oyin, omi tó sì ń tú jáde lẹ́nu hóòsì rẹ̀ kò ju ti ọmọdé tó ń tọ̀ lọ.

Gálọ̀ọ̀nù tí a gé lórí la fi gbọ́n ọn. Ìṣẹ́jú 40 ni èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi fi gbọ́n omi kí ọkọ̀ tó gbé ìdí. Àwọn èrò tó yẹ kí n kó lọ sí Èbúté Èrò láàárọ̀ yẹn ti bá ọkọ̀ mìíràn lọ.

Ọkọ̀ náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 22, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6.5. Ẹ́ńjìnnì Yamaha 75 ló wà nídìí rẹ̀, irú èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ bẹntiróòlù rẹ̀, okùn la sì ń fà kó tó jí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ okùn yẹn sọ́kàn, nítorí òun ló fà á tí kò fi sí ohun tó ń ṣáàjì bátìrì mi nínú ọkọ̀. Màá dé ibẹ̀.

Garawa ọ̀dà kan wà lórí èbúté tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Mo ki rúlà bọ omi òjò inú rẹ̀, ó jẹ́ sẹ̀ńtímítà mẹ́fà, ìyẹn mìlímítà 60. Mìlímítà òjò kan lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi kan gééré ni. Inú ọkọ̀ mi tó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ 13. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: lítà 780, kìlógíráàmù 780. Bí ìgbà tí àgbàlagbà 11 wọ ọkọ̀ mi lóru, tí gbogbo wọn jókòó sídìí, tí ẹnikẹ́ni ò sanwó.

Ẹ̀gbọ́n kan tí ọkọ̀ tiẹ̀ ń gúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní kí n ra pọ́ǹpù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni méjì mìíràn sọ bẹ́ẹ̀ kí oòrùn tó là. Pọ́ǹpù tèmi, wọ́n kọ 1,100 gálọ̀ọ̀nù fún wákàtí kan sára rẹ̀. Mo bi ara mi pé bí èyí bá ń gbé ìdajì ohun tí wọ́n kọ sí i lára, ṣebí omi òjò ò ní débi tó dé? Mo ní kí n kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ná.

Ọjọ́rú, lórí ilẹ̀

Ọkùnrin mẹ́jọ ló bá wa fà á gòkè sórí táyà mọ́tò àtijọ́ tí a tò sílẹ̀. Mo sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, mo tú ìjókòó, mo wá ń fi ṣukudiráfà hú pákó ìtẹ̀lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òórùn tó jáde nígbà tí pákó kẹta ṣí, ọmọ iṣẹ́ mi fò sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Fún ẹni tí kò tíì rí abẹ́ pákó ọkọ̀ fáíbà rí: igi gbọọrọ méjì ló lọ láti orí dé ìdí, igi ìdábùú sì so wọ́n pọ̀ láàárín. Wọ́n fi fáíbà bo gbogbo rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ igi ìdábùú kọ̀ọ̀kan, wọ́n máa ń dá ihò sí i kí omi lè máa ṣàn láti iwájú wá sídìí, níbi tí pọ́ǹpù wà. Ihò ìṣàn ni mo ń pè é. Tí ihò yẹn bá dí, yàrá kéékèèké tí kò ní ilẹ̀kùn ni abẹ́ pákó yín, omi tó bá ti wọ inú ọ̀kan á máa gbé ibẹ̀ lọ.

Igi ìdábùú mẹ́rin ni tèmi, ihò méjì méjì. Mo ki ìka bọ̀ wọ́n. Nínú mẹ́jọ, méjì péré ni ìka mi là kọjá.

Wáyà hángà aṣọ ni mo fi ń kó ohun tó dí wọn. Iyanrìn, ìpẹ́ ẹja, èèpo ẹ̀pà, ẹyọ owó 50 kọ́bọ̀ kan tí kò ra nǹkan kan mọ́ láyé yìí. Ṣùgbọ́n etí nylon píọ̀ wọ́tà ló pọ̀ jù, ìyẹn igun kékeré tí ènìyàn máa ń fi eyín gé tí á sì tu dànù kó tó mu omi rẹ̀. Mo ka 63 nínú ihò kan ṣoṣo kí n tó ṣíwọ́. Wọ́n lẹ̀ mọ́ ara wọn bí ewé tí wọ́n tò fún ẹ̀kọ, ẹ̀rẹ̀ àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló so wọ́n pọ̀. Ìyẹn kan náà ló dí ojú asẹ́ pọ́ǹpù. Mo tú u, ọwọ́ mi kún.

Ihò méjì míì kò dí rárá. Ẹni tó da ọkọ̀ náà ló dá wọn sókè jù, omi gbọ́dọ̀ ga tó íńṣì kan kó tó rí ọ̀nà gbà. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ yìí ti kọ́kọ́ wọ omi ni íńṣì kan yẹn ti wà níwájú, tí kò kúrò, tí mò ń gbé e kiri láti Ìkòròdú dé Ìsàlẹ̀ Èkó. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bú pròpẹ́là pé kò jẹ́ kí ọkọ̀ tètè gbéra mọ́. Mo tilẹ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Pròpẹ́là ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni igi inú ihò náà. Ẹni tó lù ú kò fi résìn, omi kíki tó ń dì le tí a fi ń ṣe fáíbà, bo ojú igi tó gé, omi ti wá ń mu ún láti inú. Mo gún ọ̀kan ní ṣukudiráfà, ó wọlé bí ọ̀bẹ tó wọ iṣu sísè. A ní láti gé ẹsẹ̀ bàtà méjì kúrò nínú igi yẹn.

Ọjọ́bọ̀: dídá omi sí ọkọ̀ lórí ilẹ̀

Bàbá tó ń ṣe fáíbà fún wa ní èbúté ló kọ́ mi ní èyí. Wọ́n ní, “Ibi tí omi ń gbà wọlé, ibẹ̀ náà ló máa gbà jáde. Da omi sínú rẹ̀ kí o wá bẹ̀rẹ̀ wò ó.” Mo dí kọ́ọ̀kì ìdí ọkọ̀, ìyẹn ìdérí ihò tí a ń gbà tú omi jáde tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀, mo rọ omi tó bíi lítà 150 sí ìdí nìkan. Mi ò kún un jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ tó wà lórí táyà kò ní omi tó gbé e ró láti ìta, ẹrù omi inú lè la abẹ́ rẹ̀. Mo wá mú ṣọ́ọ̀kì, mo dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹ̀kán àkọ́kọ́ fi já sí mi létí. Ẹsẹ̀ ìṣó tó di òrùka kọ́ọ̀kì mú ni. Kọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀ le dan-in, rọ́bà rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìṣó mẹ́ta tó mú òrùka rẹ̀, kò sí ohun kankan tó dí ìdí wọn. Omi ń gba ara ìṣó jáde díẹ̀díẹ̀ bí òógùn. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká. Ibi kejì ni ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lápá ọ̀tún, ibi tí ọkọ̀ ti máa ń fara gbá kọ́ńkéré èbúté. Èyí kò kán, ó kàn tutù ni.

Méjèèjì yìí kò lè rì ọkọ̀ lóru kan. Síbẹ̀ mo tú òrùka kọ́ọ̀kì, mo fi gọ́ọ̀mù ọkọ̀ ojú omi dí ìdí rẹ̀ àti ìdí ìṣó kọ̀ọ̀kan. Ihò kọ́ọ̀kì yẹn, íńṣì kan ni. Bí ihò íńṣì kan bá ṣí sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan sábẹ́ omi, lítà tó lé ní 40 lè gba ibẹ̀ wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ máa rántí iye yẹn tí mo bá dé orí pọ́ǹpù.

Ọjọ́ Ẹtì àti Sátidé: fáíbà

Bàbá gé igi jíjẹrà kúrò, wọ́n fi tuntun sí i. Kí wọ́n tó po résìn, wọ́n gbé ìgò méjì dání, wọ́n ní kí n wò wọ́n dáadáa. Ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ elésè àlùkò, ìkejì mọ́ bí omi. “Ìwọ, má jẹ́ kí àwọn méjì yìí fojú kan ara wọn láé.” Elésè àlùkò ni àsẹ́lẹ́rétọ̀, èyí tó ń mú kí résìn yára dì; olómi ni kátálísì, èyí tó ń mú un dì. Bí wọ́n bá kan ara wọn ní tààrà, iná tàbí ìbúgbàù ni. Elésè àlùkò ló kọ́kọ́ ń wọ inú résìn, wọn á rò ó títí á fi jọra, kí kátálísì tó wọ̀ ọ́: bíi mílílítà 10 sí 20 fún lítà résìn kan. Oòrùn mú lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n dín kátálísì kù, síbẹ̀ ike àkọ́kọ́ dì mọ́ wọn lọ́wọ́. Mo rí èéfín.

Ihò ìṣàn ni mo fọwọ́ ara mi ṣe. Mo lu gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ gbòòrò sí i, mo sì gé wọn wálẹ̀ títí wọ́n fi kan abẹ́ ọkọ̀ gan-an. Mo mú páìpù plọ́ḿbà íńṣì kan ààbọ̀, mo fi nylon wé e, mo wé fáíbà máàtì tó ti mu résìn lé e lórí, mo ki gbogbo rẹ̀ bọ ihò. Nígbà tó gbẹ, mo fa páìpù yọ, nylon tẹ̀ lé e jáde, ihò fáíbà tó ń dán ló kù, kò sí igi kankan tí omi lè fojú rí. Èyí àkọ́kọ́, mo gbàgbé láti wé nylon débi orí páìpù, résìn dì í mú. Òòlù ni mo fi yọ ọ́, ọ̀rọ̀ tó sì jáde lẹ́nu mi kò ṣeé kọ síbí.

Mo wá da garawa omi kan síwájú pátápátá. Mo dúró nídìí, mò ń wò ó. Ó rọra jáde nínú ihò kìíní, ó wọ kejì, ó ń bọ̀ tòun ti eruku ìyẹ̀fun fáíbà lórí rẹ̀, ó dé ẹsẹ̀ mi. Ọmọ iṣẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Pọ́ǹpù

Mi ò ra pọ́ǹpù tuntun. Mo fọ asẹ́ rẹ̀, mo gbé e sínú àwo omi ńlá, mo ní kó tú omi rẹ̀ sínú garawa lítà 20, mo mú fóònù mi ka ìṣẹ́jú àáyá. 41. Ìyẹn ò ju lítà 29 ní ìṣẹ́jú kan lọ, nígbà tí ohun tí wọ́n kọ sí i lára lé ní lítà 69. Iye ara pọ́ǹpù, wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà tí kò gbé omi gòkè rárá, tí iná sì pé. Kò sí ọkọ̀ tó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n 29 ti kéré jù.

Hóòsì tó wà lẹ́nu rẹ̀ ni irú èyí tí inú rẹ̀ ṣe rúbọrùbọ bí ọ̀nà ọ̀fun. Ó gùn ní mítà mẹ́ta, ó gba abẹ́ ìjókòó yí ká kó tó jáde. Mo fi èyí tí inú rẹ̀ dán rọ́pò rẹ̀, íńṣì kan àti ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ẹnu pọ́ǹpù ṣe rí, mítà kan àti díẹ̀ péré, ó lọ sókè tààrà. Ìṣẹ́jú àáyá 33.

Ibi tí mo ti wá pàdánù ìyókù ni wáyà. Rewáyà tí mo pè fi mítà tó ń wọn iná kan ẹnu bátìrì, ó jẹ́ fóòtì 12.5. Ó fi kan ẹnu pọ́ǹpù nígbà tó ń ṣiṣẹ́, 10.3. Fóòtì méjì àti díẹ̀ ń sọnù lọ́nà. A tọ wáyà náà lọ, a bá ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ pọ̀ tí wọ́n fi téèpù dúdú wé e, nínú omi. Mo ṣí téèpù náà. Bàbà inú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé, ó já mọ́ mi lọ́wọ́ bí òwú tó ti gbó. Omi ọ̀sà wa máa ń níyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kì í sì í ṣàánú bàbà.

A fa wáyà tuntun tó nípọn, èyí tí wọ́n ń pè ní mìlímítà 2.5, láìsí ìsopọ̀ kankan nísàlẹ̀. Ibi tó bá pọn dandan kó so, ó wà lókè lábẹ́ etí ọkọ̀, a fi irin tẹ̀ ẹ́ pa, a fi rọ́bà tó ń sún kì nínú iná bò ó. Fíùsì 5 ámpù wà nítòsí bátìrì. Swíìṣì tó ń léfòó, èyí tó ń jí pọ́ǹpù fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá gbé e sókè, ọ̀dọ̀ bátìrì ló ti ń gba iná tààrà, kò gba ọ̀dọ̀ swíìṣì dírẹ́bà kọjá. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ṣèèṣì pa gbogbo nǹkan nírọ̀lẹ́ kí n tó lọ sílé, mo ti pa òun náà. Mo tún wọ̀n ọ́n: garawa kún ní ìṣẹ́jú àáyá 27. Lítà 44 ní ìṣẹ́jú kan, láti inú pọ́ǹpù tí gbogbo èbúté ní kí n jù nù. Bí kọ́ọ̀kì bá sì jábọ́, bóyá ni á fi lè bá omi rẹ̀ dọ́gba.

Bátìrì ń kọ́? Ẹ́ńjìnnì tí à ń fokùn fà kò nílò rẹ̀, kì í sì í ṣáàjì rẹ̀. Ilé ni mo máa ń gbé e lọ ṣáàjì, nígbà tí mo bá rántí. Ní báyìí pánẹ́ẹ̀lì sólà 50 wáàtì wà lórí òrùlé ọkọ̀, òun àti kọ̀ntírólà rẹ̀ tó ń darí iná tó ń wọ bátìrì. Mo gbé bátìrì kúrò nísàlẹ̀, mo dè é mọ́ pèpéle lábẹ́ ìjókòó iwájú, jìnnà sí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù. Èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń sùn sí, iná kékeré lára wáyà tó já sì tó fún un. Kí n tó tan ohunkóhun láàárọ̀, mo máa ń ṣí pákó ìdí kí n gbóòórùn ná.

Ohun tó kù tí mi ò fura sí

A gbé ọkọ̀ padà sómi lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kí àwọn ọ̀dọ́ èbúté mẹ́sàn-án jókòó sídìí fún mi, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí omi dé. Ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ń tú omi sí lára ọkọ̀ wọ abẹ́ omi ní ìwọ̀n ìka méjì. Nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, òkè omi ló wà, ìyẹn ni kò jẹ́ kí n rí i. Tí pọ́ǹpù bá ti gbé omi jáde tó sì dákẹ́, hóòsì tó kún fómi á máa fa omi ọ̀sà padà wọlé. Swíìṣì á gbéra, pọ́ǹpù á tún tú u jáde, wọn á jọ máa ṣeré náà títí bátìrì á fi kú.

Ẹnìkan ní kí n fi fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sí i. Mi ò fi sí i. Etí nylon píọ̀ wọ́tà kan ṣoṣo lè há fáàfù yẹn ní ṣíṣí tàbí ní pípa. Yàtọ̀ sí èyí, omi tó bá dúró lókè rẹ̀ máa ń sé afẹ́fẹ́ mọ́ inú pọ́ǹpù, á máa yí lásán. Mo dí ihò àtijọ́ ní fáíbà, mo lu tuntun sókè lábẹ́ etí ọkọ̀ gan-an, ó ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ sókè ìlà tí èrò kíkún fà.

Òjò tó tẹ̀ lé e rọ̀ nínú oṣù Agẹmọ. Garawa ọ̀dà kà mìlímítà 42, bíi lítà 550 nínú ọkọ̀ mi. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo débẹ̀. Omi tó wà nídìí kò kọjá ìwọ̀n ìka méjì, ibẹ̀ ni swíìṣì máa ń dákẹ́ sí. Bátìrì jẹ́ 12.3. Mo fi fóòmù fa èyí tó kù, mo kọ́kọ́ fi àkísà kó ọ́ìlì ojú rẹ̀, nítorí àwọn apẹja ń ta àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo ti ra tápólì tí màá máa fi bo ọkọ̀ lóru, n ò tíì rí àyè gé e. Ihò tí wáyà ìtukọ̀ gbà wọlé ṣì ń mú omi díẹ̀ tí ìgbì bá pọ̀, òun ló kàn. Apẹ̀rẹ̀ kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí èrò ń gbà wọlé báyìí fún nylon. Ìdajì wọn ló ń lò ó.

Ẹ̀gbọ́n aládùúgbò mi wá wo iṣẹ́. Ó bi mí pé mélòó ni mo ra pọ́ǹpù tuntun. Mo ní ti àtijọ́ ni. Ó wò mí, ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó hú pákó ìtẹ̀lẹ̀ kan sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ dí imú. Ó dá pákó náà padà síbi tó wà.

“Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀,” ló wí.